Ìtọ́jú Ọgbẹ́ Ìkọlà fún Ọkùnrin tí Ó Ti Dàgbà

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ ilà kíkọ fún ọmọkùnrin kì í ṣe ohun tí à ń bá ọmọ náà fúnra rẹ̀ sọ. Ní ọjọ́ kẹjọ tí a bí i tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, olóólà tàbí nọ́ọ̀sì yóò ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ yóò sunkún, ìyá yóò gbé e mọ́ àyà, ọgbẹ́ náà yóò sì jinná kí ọmọ tó mọ orúkọ ara rẹ̀. Nítorí èyí, bí a bá ka àwọn ọkùnrin orílẹ̀-èdè wa, àwọn tí wọ́n ti kọlà ju mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ. Nítorí èyí kan náà ni ẹnikẹ́ni kò fi kọ́ wa bí àgbàlagbà ṣe ń tọ́jú irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá ni ó tọ́jú tiwa, a kò sì rántí.

Síbẹ̀, àwọn àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ náà kàn wà láàárín wa. Yábàá jẹ́ ibi tí gbogbo ẹ̀yà ti pàdé. Akẹ́kọ̀ọ́ wà ní Àkọkà àti ní Yaba College of Technology, oníṣòwò wà ní ọjà Tẹ́júoṣó, awakọ̀ wà ní ibùdókọ̀, ilé tí a kì í bá ará ìlú mìíràn nínú rẹ̀ kò sì wọ́pọ̀. Ẹni tí a bí sí ibi tí wọn kì í ti í kọlà lè pinnu láti ṣe é nígbà tí ó fẹ́ gbéyàwó, tàbí nígbà tí ó gba ẹ̀sìn mìíràn. Ẹlòmíràn wà tí ara rẹ̀ kò le nígbà tí ó wà ní ìkókó, tí àwọn òbí rẹ̀ sún ọjọ́ náà síwájú títí wọ́n fi gbàgbé. Ẹlòmíràn tún wà tí ihò tí ìtọ̀ ń gbà jáde kò sí ní ojú rẹ̀ gan-an nígbà tí a bí i. Dókítà kì í jẹ́ kí a kọlà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní kékeré, nítorí pé awọ iwájú yẹn ni wọn yóò fi tún ibẹ̀ ṣe bí ó bá yá. Àwọn mìíràn sì wà tí àìsàn ni ó mú wọn wá: awọ iwájú ti fún jù, kò ṣeé fà sẹ́yìn mọ́, ó sì ń wú nígbà gbogbo. Bí èyí bá ṣàdédé ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin tí ó ti lé ní ogójì ọdún, kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí wọ́n tó fi abẹ kàn án, nítorí pé àtọ̀gbẹ wà lára ohun tí ó sábà máa ń fa irú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìkan ni à ń sọ níhìn-ín o. Abẹ́ dídá fún ọmọbìnrin kò ní àǹfààní kankan fún ìlera, ewu gidi ni ó jẹ́.

Ohun tí ìtìjú lè fà

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ télọ̀ nítòsí Tẹ́júoṣó wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ó kọlà ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n kọ ọjọ́ tí yóò padà wá sórí ìwé fún un, ó fi ìwé náà sí àpò, kò sì padà. Nígbà tí ó di ọjọ́ Ajé, ó ti jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Kò fẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ tàbí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀, nítorí náà, sòkòtò jíǹsì tí ó fún ni ó wọ̀, ó sì ń rìn bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Nígbà tí ojú ọgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi, ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí ó fọ̀rọ̀ náà hàn ní kí ó ra kápúsù ní kẹ́míìsì, kí ó tú u, kí ó sì da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sí i. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹ̀fun náà dì mọ́ ojú ọgbẹ́ bí sìmẹ́ńtì, ọyún sì ń kó ara jọ lábẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n gbé e wá pẹ̀lú ibà líle, kò sì lè pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Nọ́ọ̀sì bi í pé, "Bọ̀dá, kí ló dé tí ẹ kò tètè wá?" Ó ní, "Ẹ má bínú, àǹtí. Ojú ló ń tì mí. Àwọn ọmọ kékeré ni wọ́n ń ṣe èyí fún."

Oṣù méjì gbáko ni ó gbà á kí ọgbẹ́ náà tó jinná. Èmi kò dá a lẹ́bi tó bí àwọn mìíràn ṣe dá a lẹ́bi. Àwọn tí wọ́n fún un ní ìwé ọjọ́ náà kò jókòó tì í láti ṣàlàyé ohun tí ojú rẹ̀ yóò rí nílé. Àlàyé náà ni mo fẹ́ ṣe nísinsìnyí.

Kí ọjọ́ náà tó pé

Ilé ìwòsàn tí ó ní dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ náà ni kí ẹ lọ. Awọ àgbàlagbà kì í ṣe ti ìkókó. Iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tóbi, òwú ni wọn yóò fi rán an, wọn yóò sì kọ́kọ́ gún abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí a mọ ìrora sí ìdí rẹ̀. Olóólà tí ọwọ́ rẹ̀ dá lára ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ kò ní àwọn ohun èlò wọ̀nyí. Iṣẹ́ náà kì í sábà ju wákàtí kan lọ, ẹ ó sì padà sí ilé lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ má ṣe fi ohunkóhun pamọ́ fún dókítà. Bí ẹ̀jẹ̀ kì í bá tètè dá ní ìdílé yín, bí ẹ̀jẹ̀ yín bá jẹ́ SS, bí ẹ bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí tí ẹ ń lo ásípírììnì lójoojúmọ́, ẹ sọ ọ́. Ẹ béèrè nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì pẹ̀lú, àìsàn burúkú tí í mú kí àgbọ̀n gan, tí í sì mú kí ẹ̀yìn tẹ̀ bí ọrun. Àwọn obìnrin ń gba abẹ́rẹ́ yìí nígbà tí wọ́n bá lóyún, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọkùnrin kò tún fojú kàn án mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ọmọ ọwọ́. Ara kì í gba agbára abẹ́rẹ́ náà lójú ẹsẹ̀, nítorí náà, ẹ gbà á ní bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú bí ó bá ṣeé ṣe. Ẹ ra pátá méjì tàbí mẹ́ta tí ó dì mọ́ ara díẹ̀, kí ẹ fọ̀ wọ́n, kí ẹ sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ wọ́n.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún yín yóò pa ìrora fún wákàtí díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìrora yóò dé. Ẹ má ṣe dúró dè é kí ó tó mu yín. Parasitamọ́ọ̀lù tí ó jẹ́ 500 mg, hóró méjì ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, tó fún àgbàlagbà tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní àìsàn. Kò sì gbọdọ̀ ju hóró mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ẹ yẹra fún ásípírììnì, nítorí pé kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn oògùn ara ríro tí wọ́n pò pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré pẹ̀lú, nítorí pé ásípírììnì wà nínú òmíràn láìjẹ́ pé ẹni tí ó ń tà á mọ̀. Ẹ má sì fi ọtí pa ìrora.

Ẹ jẹ́ kí nǹkan ọkùnrin yín dojú kọ ìdodo nínú pátá, kí ó má ṣe rọ̀ sísàlẹ̀. Omi ara máa ń ṣàn lọ sí ibi tí ó rẹlẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó rọ̀ sísàlẹ̀, yóò wú ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ dùbúlẹ̀ ju bí ẹ ti ń jókòó lọ. Báńdéèjì kò gbọ̀dọ̀ kan omi fún wákàtí méjìdínláàádọ́ta. Ẹ fi aṣọ tútù nu ìyókù ara dípò ìwẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kán sórí báńdéèjì ní ìwọ̀n owó kọ́bọ̀, tí kò sì fẹ̀ sí i, kò léwu. Ẹ máa tọ̀ bí ẹ ṣe ń tọ̀ tẹ́lẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń ta yín díẹ̀. Mo ti rí ẹni tí kò mu omi fún odindi ọjọ́ kan nítorí pé ẹ̀rù ìtọ̀ ń bà á. Ìtọ̀ rẹ̀ ki, ó sì ta á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nígbà tí wákàtí méjìdínláàádọ́ta bá pé, ẹ padà sí ilé ìwòsàn kí wọ́n bá yín tú báńdéèjì náà. Ẹ má ṣe fà á tu fúnra yín. Bí ó bá ti lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́, omi tí ó mọ́ ni a fi ń rẹ ẹ́ títí yóò fi tú.

Ọjọ́ kẹta àti ọ̀sẹ̀ kìíní

Ẹni tí ó bá ti ka Ìwé Jẹ́nẹ́sísì yóò rántí àwọn ọkùnrin ìlú Ṣekemu tí gbogbo wọn kọlà pọ̀. Àwọn ọmọ Jákọ́bù tí wọ́n fẹ́ gbẹ̀san lára wọn kò lọ lọ́jọ́ kìíní. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n dúró dè, nígbà tí ìrora kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè jà. Ẹni tí ó kọ ìtàn yẹn mọ ohun tí ó ń sọ, nítorí pé ní ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹta ni ojú ọgbẹ́ máa ń wú jù. Yóò wú ní abẹ́ ju òkè lọ, ara ibẹ̀ lè dúdú bí ibi tí nǹkan gbá, orí rẹ̀ tí awọ bò tẹ́lẹ̀ yóò sì máa ta nígbà tí aṣọ bá fara kàn án. Títa yìí lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó rọlẹ̀. Gbogbo èyí kò ju bí ó ti yẹ lọ.

Ohun tí ó máa ń dẹ́rù ba ènìyàn jù ni awọ fẹ́lẹ́ kan tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ìyeyè, tí yóò yọ lójú ọgbẹ́ láàárín ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ keje. Kì í ṣe ọyún. Ọyún máa ń ṣàn, ó sì sábà máa ń rùn. Èyí dì mọ́ ojú ọgbẹ́, kì í sì í rùn. Abẹ́ rẹ̀ ni ara ti ń hun awọ tuntun. Ẹni tí ó bá fi èékánná tàbí kànìnkànìn họ ọ́ kúrò ti tú iṣẹ́ tí ara ṣe, yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Láti ìgbà tí wọ́n bá ti tú báńdéèjì, ẹ máa wẹ ojú ọgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fọ̀. Ẹ lo omi tí ó mọ́ àti ọṣẹ tí kò le, kí ẹ jẹ́ kí omi ṣàn kọjá lórí rẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Ẹ má ṣe nù ún, ẹ má sì lo òwú, nítorí pé fọ́nrán rẹ̀ máa ń há sára okùn tí wọ́n fi rán an. Bí ó bá jẹ́ omi kànga tàbí omi tí alómi tà ni ẹ ń lò, ẹ sè é kí ó hó, kí ẹ jẹ́ kí ó tutù. Ní ilé tí ayálégbé mẹ́wàá ti ń lo balùwẹ̀ kan, kí ẹ ní kẹ́tùrù tiyín tí ẹlòmíràn kò ní fọwọ́ kàn. Okùn ìránṣọ tí wọ́n lò kì í sábà jẹ́ èyí tí a ń yọ. Yóò yòrò fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, ẹ ó kàn rí i pé ó ń já bọ́ sínú pátá.

Ọ̀rọ̀ ohun tí a kò gbọdọ̀ fi sí i gba àlàyé. Àwọn ìyá wa máa ń fi omi ìgbín sí ọgbẹ́ ìkọlà ìkókó nítorí pé ìgbín jẹ́ ẹ̀rọ̀, wọ́n sì gbà pé yóò mú ọgbẹ́ náà rọ̀. Èrò rere ni, ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ ni ìgbín ń gbé, kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Àwọn mìíràn ń fi omi gbígbóná jó o bí wọ́n ti ń ṣe fún ìyá ọlọ́mọ tuntun; ooru máa ń la iṣan ẹ̀jẹ̀, ọgbẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dá á sì tún máa ṣẹ̀jẹ̀. Sípírítì àti àwọn omi apakòkòrò tí a fi ń fọ ilẹ̀ kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín kòkòrò àti ara tuntun, wọn á pa méjèèjì pọ̀. Eérú, epo pupa, àgúnmu, ìpara tí ń ta ni lára, àti ìyẹ̀fun inú kápúsù tí ó fa wàhálà fún télọ̀ wa, kò sí ọ̀kan tí ó dára nínú wọn. Bí ilé ìwòsàn bá fún yín ní ìpara, èyí nìkan ni kí ẹ lò. Bí wọn kò bá fún yín, omi àti ọṣẹ tó.

Àwọn kan máa ń kìlọ̀ fún ẹni tí ó ní ọgbẹ́ pé kí ó má ṣe jẹ ẹyin tàbí ẹ̀pà, kí ọgbẹ́ má baà kẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni òtítọ́. Ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹja, ẹyin àti ẹ̀pà ni ara fi ń mọ ẹran tuntun. Ẹ fi ọsàn àti ẹ̀fọ́ kún un. Sìgá ni ẹ lè fi sílẹ̀, nítorí pé ó máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ọgbẹ́ kì í sì í tètè jinná lára ẹni tí ń mu ún.

Òru

Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí láìfi bò. Nǹkan ọkùnrin máa ń le lójú oorun, pàápàá ní ìdájí, ẹni tí ó ní in kò sì ní àṣẹ lórí rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, yóò jí yín pẹ̀lú ìrora. Kì í sábà já òwú tí wọ́n fi rán an, nítorí náà, ẹ má ṣe bẹ̀rù. Ẹ tọ̀ kí ẹ tó sùn, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sùn pẹ̀lú eékún kíká. Bí ó bá jí yín, ẹ dìde, ẹ rìn káàkiri yàrá, ẹ lọ tọ̀, yóò rọlẹ̀. Ẹ yẹra fún àwọn àwòrán àti fíìmù tí ń ru ara sókè. Kò yẹ kí a sọ èyí fún àgbàlagbà, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ti jìyà rẹ̀ ni wọ́n ní kí n sọ ọ́.

Nígbà tí kò yẹ kí ẹ dúró di ọ̀la

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ṣàn, ẹ fi aṣọ mímọ́ yí ibẹ̀ ká, kí ẹ dì í mú ṣinṣin fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko láìṣí i wò. Ṣíṣí i wò ní ìṣẹ́jú méjì-méjì ni kì í jẹ́ kí ó dá. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá pé tí ó sì tún ń ṣàn, ẹ máa lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì máa dì í mú bẹ́ẹ̀ lọ́nà. Ẹ lọ kíákíá pẹ̀lú bí ẹ kò bá rí ìtọ̀ tọ̀ fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ tí ikùn ìsàlẹ̀ sì ń le. Bí ìwúlé bá ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ọjọ́ kẹta dípò kí ó máa lọ sílẹ̀. Bí ọyún tàbí òórùn bá wà. Bí ibà bá dé. Bí orí rẹ̀ tàbí awọ rẹ̀ bá ń dúdú tí ó sì ń tutù. Bí ojú ibi tí wọ́n rán bá là. Tàbí bí ìtọ̀ bá ń gba ibòmíràn jáde. Bí àgbọ̀n bá ń gan tàbí tí ó ṣòro láti lanu, kí a má ṣe fi wákàtí kan ṣòfò.

Ẹ kò ní láti padà sí ibi tí wọ́n ti ṣe é bí ó bá jìnnà. Láti Yábàá, Federal Medical Centre wà ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta, LUTH sì wà ní Ìdí-Àràbà. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ní Ojúẹlẹ́gba ní ìrọ̀lẹ́ kò mọ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, nítorí náà, ẹ ti mọ ọ̀nà tí ẹ ó gbà kí ọ̀rọ̀ tó dójú rẹ̀. Kí ẹnì kan nínú ilé sì mọ̀ pé ẹ kọlà. Ẹnì kan péré tó. Télọ̀ yẹn ń gbé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà kò mọ nǹkan kan títí di ọjọ́ tí ó bá a tí ó ń gbọ̀n lórí ẹní.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà

Ẹni tí ó ń fi kálámù ṣiṣẹ́ lè padà síbi iṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Alábàárù ọjà Òyìngbò, birikilà, awakọ̀ dánfó tí ó ń jókòó lórí ìjókòó líle láti àárọ̀ títí di alẹ́, àti agbábọ́ọ̀lù, kí wọ́n fún ara wọn ní ìsinmi tí ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni ó yẹ kí ènìyàn fi sinmi ẹrù wúwo àti eré sísá.

Ìbálòpọ̀ ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ, fífi ọwọ́ ara ẹni ṣe é sì wà lábẹ́ òfin kan náà. Ìhín gan-an ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti ń kọsẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọgbẹ́ yóò dà bí ẹni pé ó ti jinná, kò ní ta mọ́, yóò sì gbẹ lójú. Ṣùgbọ́n òkè ni ó dì, abẹ́ rẹ̀ kò tíì lágbára, ó sì lè là ní àwọn ibi kéékèèké tí ojú kò rí. Ojú ibẹ̀ ni kòkòrò HIV tí í fa àrùn éèdì ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni ó sì ń gbà jáde lọ bá aya.

Àwọn kan ti gbọ́ pé ìkọlà ń dáàbò boni lọ́wọ́ kòkòrò náà, wọ́n sì gbọ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀. Ìwádìí mẹ́ta tí wọ́n ṣe ní Orange Farm ní Gúúsù Áfíríkà, ní Kisumu ní Kẹ́ńyà àti ní Rakai ní Ùgáńdà, tí àbájáde wọn jáde láàárín ọdún 2005 sí 2007, fi hàn pé ìkọlà dín ewu kí ọkùnrin kó o lára obìnrin kù ní nǹkan bí ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún 2007, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà á nímọ̀ràn fún àwọn ilẹ̀ ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà tí àrùn náà ti gbilẹ̀ tí ìkọlà kò sì wọ́pọ̀. Nàìjíríà kò sí lára wọn, nítorí pé a ti ń kọlà tẹ́lẹ̀. Ewu tí ó kù náà pọ̀, nítorí náà, kọ́ńdọ̀mù kò kúrò ní ohun tí a ń lò. Ní Rakai kan náà, wọ́n wo àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti ní kòkòrò náà lára kí wọ́n tó kọlà. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2009, láàárín àwọn aya tí ọkọ wọn kò dúró kí ọgbẹ́ jinná ni àwọn tí ó kó kòkòrò náà ti pọ̀ jù.

Nítorí náà, ẹ bá aya yín sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ náà tó dé. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ṣàdédé kọ ẹ̀yìn sí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìsọ ìdí rẹ̀ yóò wá ìdí fúnra rẹ̀, èyí tí yóò rí kò sì ní dára. Bí ẹ bá sọ fún un, òun ni yóò máa bá yín ka ọjọ́. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí tirẹ̀ tó jinná. Kí ó má ṣe fi kàlẹ́ńdà nìkan ṣe ìdíwọ̀n, dókítà ni kí ó sọ fún un.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí ẹ padà fún àyẹ̀wò, bí nǹkan kan tilẹ̀ kò ṣe yín: lẹ́yìn ọjọ́ méjì, lẹ́yìn ọjọ́ méje, àti nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé. Ní ti ìkẹyìn yìí, wọn yóò wo ojú àpá, wọn yóò yọ òwú tí kò yòrò bí ó bá ṣẹ́kù, wọn yóò sì sọ fún yín bóyá ó tó àkókò. Àfẹ́sọ́nà tàbí aya lè bá yín wá. Nígbà tí télọ̀ wa wá fún tirẹ̀, lẹ́yìn oṣù méjì, ọmọbìnrin kan tẹ̀ lé e, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ìwé ọjọ́ náà lé orí ẹsẹ̀.